Lash, Ọmọ Ọ̀wọ̀

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwa tí à ń kọ síáìnbọ́ọ̀dù láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n pé ta ni baba ńlá iṣẹ́ yìí, kálukú yóò dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ní ọ̀gá, orúkọ kan sì wà tó yẹ kó máa ṣáájú gbogbo orúkọ yòókù lẹ́nu wa: Akínọlá Láṣẹkan. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. 1916 ni wọ́n bí i. Òun ló sọ yíya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn di iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tó fi gègé bá ìjọba òyìnbó wọ̀yá ìjà nígbà tí kò tíì rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ló máa ń fi sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: Lash.

Elegbeka ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tèmi, lójú ọ̀nà tó lọ láti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, tó sì kọjá lọ sí Ọrà àti Bìní. Lónìí, bí orúkọ ìlú wa bá jáde nínú ìwé ìròyìn, aburú ló máa ń bá a jáde: ajínigbé, ìbọn, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, torí ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ìwé ìròyìn àti ìwé ẹ̀fẹ̀ gbà wọlé tọ̀ wá láti Èkó, lórí ọkọ̀ tó ń kó iṣu àti kòkó lọ tó sì ń kó ọjà olówó òyìnbó bọ̀. Mo fẹ́ kí orúkọ ọ̀nà yìí tún wà nínú ìtàn mìíràn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń fi àwòrán ṣe ẹlẹ́yà. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére, gbẹ́ ìlẹ̀kùn ńlá kan sí ààfin Ọ̀gọ̀gà. Lórí ìlẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ bí Captain Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, ṣe wọ ìlú wá. Ẹ wo ọba: ó jókòó gẹlẹtẹ lórí ìtẹ́, adé ga lórí rẹ̀, olorì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá wo òyìnbó: àwọn aláàárù ló gbé e, ó ká jọ sínú ohun tí wọ́n fi gbé e, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kò sí èébú kan níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kàn fi ìjókòó ẹni kìíní-kejì sọ ẹni tó ni ilé àti ẹni tó jẹ́ àlejò ni. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wu àwọn òyìnbó fúnra wọn débi pé wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún Ọ̀gọ̀gà kí wọ́n lè gba ìlẹ̀kùn náà sọ́dọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ìjẹ̀bú náà ní tirẹ̀. Thomas Ọ̀nà Ọdúlátẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ l'Ékòó, gbẹ́ ère kéékèèké tó fi àwọn ènìyàn ìgbà òyìnbó hàn: ajẹ́lẹ̀ tó dé fìlà ńlá, lọ́yà tó wọ ẹ̀wù dúdú, ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀. Orí wọn tóbi ju ara wọn lọ, bí a ti í gbẹ́ ère nílẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó tó rà wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní bí òun ṣe rí wọn ni òun ṣe gbẹ́ wọn. Ìdáhùn yẹn tó ìwé kan kà fún ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀.

A sì ní òfin tó dáàbò bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba kì í pa akọrin. Lóru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu, ẹni tó bá gbé ẹ̀fẹ̀ jáde lè dárúkọ olówó, kó dárúkọ ìjòyè, kó tú àṣírí ọkùnrin tó ń jẹ gbèsè tí kò san. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, ẹnu kò mọ ààlà. Ilẹ̀ á mọ́, ìlú á tún padà sí bó ṣe wà. Láṣẹkan bọ́ sínú àṣà yìí, ó wá gbé e kúrò lóru, ó gbé e sórí bébà tí wọ́n ń tà ní ojúmọmọ.

Ẹni tó la ọ̀nà fún un ni Àìná Onábólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń sọ pé dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kó jọ ọ́, Onábólú ń ya á. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà wálé ní 1922, ó sì ń lọ láti iléèwé dé iléèwé l'Ékòó tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ya ohun tí ojú rí. Òun ló bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ sí i, tí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Ṣùgbọ́n èrò Murray yàtọ̀: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa ya àwòrán àṣà ilẹ̀ wọn nìkan, kí wọ́n má ṣe tọ ipa òyìnbó. Láṣẹkan tọ Onábólú lẹ́yìn. Ó gba ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkèèrè, ó sì tún rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ fi kún un. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bí imú ṣe jẹ́ imú, bí aṣọ ṣe ń ká lápá, bí òjìji ṣe ń bọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dúró lé. Ẹni tí kò bá lè ya ojú ènìyàn kó jọ ọ́, kò lè fi ojú náà ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n á ní ẹ̀fẹ̀ ni àwọn fẹ́ yà, kí ni àwọn fẹ́ fi egungun ojú ṣe? Mo máa ń ní kí wọ́n ya olóyè kan tí gbogbo ìlú mọ̀, kí wọ́n má ṣe fi kún un, kí wọ́n má yọ kúrò. Bí ará ìlú bá kọjá tó sì dárúkọ olóyè náà láìjẹ́ pé a sọ fún un, ìgbà náà ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀.

Ní November 22, 1937, Nnamdi Azikiwe, tí a mọ̀ sí Zik, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn West African Pilot l'Ékòó. Ọdún púpọ̀ ni Zik ti lò ní Amẹ́ríkà, ó ti rí bí ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ṣe ń jagun, ó sì mọ̀ pé àwòrán a máa wọ ibi tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Ní 1944, Láṣẹkan bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán fún Pilot. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé kan tó kó àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ jọ jáde, *Nigeria in Cartoons*. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò mọ ìdí tí ọwọ́ Lash fi rí bó ṣe rí. Láyé ìgbà náà, àwòrán kì í ti ọwọ́ ayàwòrán bọ́ sórí bébà tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sórí páànù síǹkì, wọ́n á fi ásíìdì jẹ ibi tí kò ní tàdáwà lára rẹ̀, títí tí ìlà nìkan á fi yọ sókè. Wọ́n á wá kan páànù náà mọ́ igi, wọ́n á tò ó sáàárín lẹ́tà òjé, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́. Nínú irú páànù ìlà bẹ́ẹ̀, dúdú ni dúdú, funfun ni funfun. Kò sí eérú láàárín. Ayàwòrán tó bá fẹ́ òjìji gbọ́dọ̀ fi ìlà tín-ín-rín kọ́ ọ, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kó tún fi òmíràn dábùú wọn bí ibi náà bá yẹ kó dúdú sí i. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, tàdáwà á dí àárín wọn, ojú olóyè á di èédú. Bí wọ́n bá jìnnà jù, ojú á di funfun bí ẹni tó kun ẹfun.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi àgbà ṣiṣẹ́ Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó kó Pilot bọ̀ wálé nínú àpótí páànù. Ara àwọn ìwé yẹn ni mo ti fi ìka tọ ìlà Lash nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin tó sanra, ìlà á tẹ̀ bí ọrun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ebi ń pa, ìlà á gùn tọ́ọ́rọ́ wá sísàlẹ̀. Aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ ọba, àmì kéékèèké ni, kì í ṣe ìlà. Mo fi bébà àti gègé ìkọ̀wé iléèwé ṣe é títí ọwọ́ fi ń ro mí. Òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti í fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe òjìji lẹ́yìn lẹ́tà lára síáìnbọ́ọ̀dù, kí lẹ́tà lè dà bí ẹni pé ó dìde.

Ọ̀nà tí Lash ń gbà ṣẹ̀fẹ̀ kò dà bí ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ojú ènìyàn po. Ó máa ń ya ènìyàn bó ṣe rí gan-an, á wá fi ìwọ̀n àti ibi tó gbé e sí ṣe ẹ̀fẹ̀ rẹ̀: ẹni kan á tóbi, ẹni kejì á kéré, ẹni kan á gun òmíràn lórí, ẹni kan á jókòó sídìí oúnjẹ, àwọn yòókù á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó lè kọ ọ́ sí ara àwòrán, ó lè kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á má baà ṣì í gbọ́. Àwọn kan tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ lónìí sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù, pé àwòrán yẹ kó dá sọ̀rọ̀. N kò fara mọ́ wọn. Ẹ rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀wé nínú agbo. Á máa ka ọ̀rọ̀ sókè, àwọn yòókù á máa wo àwòrán. Ojú àti etí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, bí ìgbà tí egúngún ń jó tí onílù ń pe oríkì.

Ní June 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ogun Hitler ti jẹ́ kí ọjà wọ́n gógó, owó oṣù kò kúrò lójú kan. Olórí ọ̀rọ̀ náà ni Michael Imoudu, òṣìṣẹ́ Rélùwéè, ọmọ Ọrà, ìlú tó wà níwájú bí a bá ti kọjá Ìfọ́n lójú ọ̀nà wa yìí. Ó lé ní ogójì ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kò fi rìn. Pilot dúró gbágbáágbá lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó di July, ìjọba Gómìnà Arthur Richards ti ìwé ìròyìn náà pa fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi àgbà wà lára àwọn tó jókòó sílé nígbà ìdáṣẹ́sílẹ̀ yẹn. Ó máa ń sọ pé ebi pa àwọn, ṣùgbọ́n pé àwọn máa ń fi ọwọ́ gba Pilot lọ́wọ́ ara wọn títí tí bébà á fi ya, torí àwòrán ọmọ Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ló ń pè é, kò pè é ní Láṣẹkan. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà mọ́kànlélógún ní Enugu ní November 18, 1949, inú bí gbogbo orílẹ̀-èdè, Pilot sì wà lára àwọn tó gbé ìbínú náà síta.

Ibi tí ìtàn yìí ti le jù ni ti òṣèlú ilé.

Ní April 28, 1951, ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group jáde fún gbogbo ayé. Kì í ṣe Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e jáde, kì í ṣe Èkó. Ọ̀wọ̀ ni. Ọlọ́wọ̀ ìgbà náà, Ọba Ọlátẹ́rù Ọlágbègí Kejì, ló gbà wọ́n lálejò. Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọ̀gá iléèwé Imade College, wà lára àwọn ọ̀pákùtẹ̀lẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Òun ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gùn lé, èyí tó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ní 1955. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀wọ̀ di ilé Action Group. Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ni tiwọn, ọ̀pẹ ni àmì tiwọn.

Láṣẹkan ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Zik ló wà. Inú ìwé ìròyìn ẹni tó ń ṣe olórí NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, ló ti ń jẹun, gègé rẹ̀ kò sì dá Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Ẹ fi ojú inú wo bó ṣe rí: gbogbo ìlú rẹ ń lu ìlù kan, ìwọ ń fi àwòrán ṣe onílù náà lẹ́fẹ̀ẹ́ l'Ékòó, wọ́n sì ń rà á, wọ́n ń gbé e bọ̀ wálé fún àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ láti rí. Mo ti gbọ́ kí àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ kan máa sọ pé ó ta ilé fún àjèjì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà gbọ́ yàtọ̀. Kí Action Group tó dé ayé ni Láṣẹkan ti wà ní Pilot. Ó ti lo ọdún méje gbáko níbẹ̀ tó ń bá òyìnbó jà, nígbà tí àwọn tó padà wá di olóṣèlú ṣì ń ṣe lọ́yà àti tíṣà. Kò kúrò níbi tó dúró sí nítorí pé afẹ́fẹ́ yí padà sílé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ Yorùbá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gègé sílẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe òtítọ́ ló ń yà látẹ̀yìnwá.

N kò sọ pé gbogbo ohun tó yà tọ́. Òṣèlú àwọn ọdún 1950 le, ẹ̀yà ń bá ẹ̀yà jà, ìwé ìròyìn kò sì ṣe ojúure sí alátakò. Àwòrán tó ń jà fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo a máa rí àbùkù ọ̀tá rẹ̀ kedere, kò ní rí ti ọ̀rẹ́. Pilot yìn Zik púpọ̀. Àlàyé yìí kò yọ nǹkan kan kúrò lára ọlá Láṣẹkan lójú mi. Ó kàn jẹ́ kí n mọ ohun tí ẹni tó ń jẹ lábẹ́ olówó máa ń san.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rántí. Ọ̀pẹ àti àkùkọ yẹn, àwòrán ni wọ́n. Nígbà ìdìbò, ara àpótí ni wọ́n ń ya àmì ẹgbẹ́ sí, torí ọ̀pọ̀ olùdìbò kò mọ̀wé. Obìnrin tó ń ta ẹ̀bà ní Elegbeka lè má lè ka orúkọ Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀pẹ. Ìjọba tuntun tí a fẹ́ dá sílẹ̀, orí àwòrán la gbé e lé.

Ẹ̀fẹ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ Láṣẹkan. Ó ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó ya ìtàn àtayébáyé ilẹ̀ Yorùbá, ó ya ojú àwọn ènìyàn jàǹkàn. Ní 1944 yẹn kan náà tó bẹ̀rẹ̀ ní Pilot, ó ya *Ajaka of Owo*, akọni ìlú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi iṣẹ́ méjèèjì náà síwájú ara wọn: ọwọ́ kan ń fi òyìnbó ṣẹ̀fẹ̀ l'Ékòó, ọwọ́ kejì ń gbé jagunjagun Ọ̀wọ̀ ga. Lẹ́yìn òmìnira, ó kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka.

Àwọn tó gba gègé lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀. Josy Ajíbóyè ya ojú ewé rẹ̀ ní Sunday Times fún ọdún gbọgbọrọ, ó sì mú ẹ̀fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ olóṣèlú wá sínú ilé mẹ̀kúnnù: ọkọ tó ń sá fún gbèsè, ìyàwó tó ń dúró de owó ọbẹ̀. Délé Jégẹ́dẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìlú ìlẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀, ṣe olóòtú iṣẹ́ ọnà ní Daily Times láti 1974 sí 1977. Òun ló ya Kole the Menace, ọmọkùnrin oníjọ̀gbọ̀n. Jégẹ́dẹ́ padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló sọ pé ẹsẹ̀ Láṣẹkan ni àwọn tẹ̀ lé tàbí kí wọ́n tẹ̀ lé e láìsọ.

Èyí tó kàn wá ní Elegbeka jù ni *Ikebe Super*.

Ní 1975, ìwé kọ́míìkì kan wà tó ń jẹ́ *Powerman*, tó ń tà káàkiri ibí. Dúdú ni akọni inú rẹ̀, ó lè fò, kò sí ohun tó lè borí rẹ̀ àfi ejò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yà á, àwọn òyìnbó bíi Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n padà di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, ló ń yà á fún wa. Ọwọ́ wọn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé inú rẹ̀ kì í ṣe ilé wa, ọjà inú rẹ̀ kì í ṣe ọjà wa. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1976, Wálé Adénúgà gbé *Ikebe Super* jáde. Ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tó wà ní Yunifásítì Èkó, níbi tó ti kọ́ nípa ìṣòwò. Ó sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́. Ìmọ̀ ìṣòwò yẹn hàn. Kò dúró de ìwé ìròyìn ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á, òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló tà á.

Ojú kì í ṣi àwọn ènìyàn inú ìwé náà mọ̀. Papa Ajasco: orí pípá tó ń dán, irun fẹ́ẹ́rẹ́ létí, ikùn tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Boy Alinco: táì tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, bàtà tó tóbi, ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu, kọ́bọ̀ kò sí lápò. Miss Pépéyẹ: ìdí tó ń gbọ̀n bó bá ń rìn. Pa Jimoh. Èdè wọn ni pijin, èyí tí dẹ́rẹ́bà Bìní àti alájàpá Ọ̀wọ̀ jọ gbọ́.

Níbi iṣẹ́ ọwọ́, Adénúgà yí ọ̀nà Láṣẹkan padà pátápátá. Láṣẹkan bẹ̀rẹ̀ láti ojú ènìyàn. Adénúgà bẹ̀rẹ̀ láti ara róbótó: ẹyin fún orí, ìkòkò fún ikùn, ó wá so apá àti ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Òjìji kò sí. Ìlà kan ṣoṣo ló ń yí ènìyàn ká, ó nípọn, kò gbọ̀n. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè yà á sórí ilẹ̀, ìyẹn náà ló jẹ́ kí àwa ààtísì ojú ọ̀nà lè gbé e sẹ́yìn lọ́rì. Mo ti ya Boy Alinco sẹ́yìn ọkọ̀ púpọ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bàtà rẹ̀. Bí imú bàtà bá gbé sókè díẹ̀, ó ń rìn yan. Bí ó bá sùn nílẹ̀, ó ti di ọkùnrin tó rẹ̀. Ìka kan péré ló wà láàárín méjèèjì.

Ní gáréèjì Ọ̀wọ̀ nígbà náà, fẹ́ńdọ̀ á tẹ́ *Ikebe Super* sórí pákó, á fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ọmọ ọkọ̀ kan á rà á, á kà á dé Elegbeka, á gbé e fún vọlikanáísà, ẹni yẹn á gbé e fún ìyá tó ń ta iṣu. Oṣù á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, òróró ọkọ̀ á sì wà lára rẹ̀. Àwọn tíṣà máa ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ní ìsọkúsọ ló wà níbẹ̀. Wọ́n kò purọ́ pátápátá. Èmi náà ti di bàbá ọmọbìnrin, n kò gbà pé ó dára bí wọ́n ṣe ń fi ìdí obìnrin ṣe ọjà láti ewé kìíní dé ewé ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ẹ̀fẹ̀ náà máa ń pa nígbẹ̀yìn: bàbá àgbà tó ń lé ọmọge kiri ni ojú máa ń tì. Òun ló máa ń bọ́ sínú kòtò. Mama Ajasco ló máa ń jàre.

Láti 1986 tí wọ́n ti já náírà kulẹ̀ lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, bébà di ọ̀wọ́n. Ìwé tí ọmọ ọkọ̀ ń rà láìronú di ohun tí wọ́n ń yá ara wọn. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, Papa Ajasco ti kúrò lórí bébà, ó ti di eré orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ènìyàn tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ fá irun wọn, kí wọ́n fi nǹkan kún ikùn, kí wọ́n lè jọ àwòrán. Nígbà ayé Láṣẹkan, àwòrán ló ń làkàkà láti jọ ènìyàn.

Ọ̀wọ̀ ní mùsíọ́mù, 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nítorí iṣẹ́ ìwúlẹ̀pìtàn tí Ekpo Eyo ṣe ní Igbó'Lájà, ní Ọ̀wọ̀, ní 1971, gbogbo ayé mọ̀ pé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àwọn baba wa ń fi amọ̀ mọ ojú ènìyàn tó jọ ènìyàn gan-an; wọ́n tún mọ ẹkùn tó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn há ẹnu. Iṣẹ́ Láṣẹkan yẹ ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Kì í ṣe àwòrán olóyè tó yà nìkan ni mo ní lọ́kàn, èyí tí àwọn olówó ń rà l'Ékòó. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú Pilot ni, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní títóbi, kí wọ́n kọ àlàyé sí i ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì fi èyí tó fi Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀fẹ̀ kún un, kí wọ́n má ṣe gbé e pamọ́ nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Mo ti bá àwọn tó yẹ kó gbọ́ sọ ọ́. Mo tún ti sọ fún wọn pé èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe tán láti kọ síáìnbọ́ọ̀dù rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ní lẹ́tà tó ní òjìji lẹ́yìn, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.